Orúkọ Wo Ni A Ó Fi Wá Ìwé Wa?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀ wa lórí àwọn ìwé tí àwọn yunifásítì wa ń kó sínú kọ̀ǹpútà lóde òní. Ìwé ni ọmọ. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ni ó ń sọ ọ́ lórúkọ. Bí orúkọ náà bá ṣì, ọmọ sọnù bí ó tilẹ̀ wà nínú ilé.

Láti ọdún 1970 ni orílẹ̀-èdè wa ti ní yunifásítì, èyí tí à ń pè ní ti Abomey-Calavi lónìí. Ní 2001 ni a dá ti Parakou sílẹ̀, òun ni ó sì súnmọ́ àwa ará agbègbè Tchaourou jù lọ. Bí àwọn ọmọ wa bá fẹ́ gboyè, wọn a padà wá bá àwọn àgbà, wọn a béèrè ìtàn ìdílé, oríkì, orúkọ ewé àti àṣà ìgbéyàwó, wọn a sì fi kọ mémoire. Láyé àtijọ́, orí pẹpẹ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń wà, eruku a sì bò ó. Lónìí, a lè fi í sínú kọ̀ǹpútà kí ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Paris kà á.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró níwájú pẹpẹ lè ṣèèṣì rí ìwé tí kò wá. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ohun tí a bá tẹ̀ sí i ni ó ń wá. Níbí ni ọ̀ràn ti kan èdè wa. Ní 1975 ni a fi álífábẹ́ẹ̀tì kan lélẹ̀ fún àwọn èdè ilẹ̀ Bénin, a sì tún un ṣe ní 1990 àti 2008. Nínú rẹ̀, a ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń kọ ẹ àti ọ. A ń kọ sh dípò ṣ, àti kp dípò p. Ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lẹ́ àti kpɛ̀lɛ́. Etí kò mọ ìyàtọ̀ wọn, kọ̀ǹpútà ni ó mọ̀ ọ́n. Ìlú kan náà ni Ṣábẹ, Shabɛ àti Savè. Ẹni tí ó bá tẹ Ṣábẹ lè má rí ìwé tí a kọ Savè sí lára láéláé.

Kódà nínú àkọtọ́ kan ṣoṣo, ọ̀ràn kò tán. Lẹ́tà ọ ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń dá lẹ́tà mọ̀; ṣùgbọ́n bí a bá fi àmì ohùn lé e, kò ní àyè kan ṣoṣo mọ́, àfi kí a to àmì pọ̀. Ẹnì kan a fi àmì kíún sí ìdí rẹ̀, ẹlòmíràn a fa ìlà kékeré síbẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ tí a kò bá kọ́, méjì ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwòrán ojú ìwé nìkan ni a yà, tí a kò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ lè kà, kò sí bí a ó ṣe wá ohunkóhun nínú rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò kọjá agbára wa. Kí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kọ orúkọ ìlú àti ti ènìyàn ní gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà kọ wọ́n, ti Faransé pẹ̀lú. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wọn. Ó pẹ́ tí ilé ìkàwé ti ń so orúkọ púpọ̀ mọ́ òǹkọ̀wé kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àkópọ̀ mémoire rẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé, kí ó sì fi àmì ohùn sí i. Ẹ̀yin àgbà, bí ọmọ bá wá gba ìtàn lẹ́nu yín, ẹ béèrè bí yóò ti kọ orúkọ abúlé yín, kí ẹ sì ní kí ó mú ẹ̀dà kan padà wá sílé.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó sọ ìtàn wọ̀nyí ti dàgbà. Ó yẹ kí ọmọ ọmọ wọn lè fi orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé wá ọ̀rọ̀ wọn, kí ó sì rí i.