Baba Sàlá àti Àwa Tí A Gba Epo Sílẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé. Ó na mẹ́mórì káàdì sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kó fíìmù Yorùbá tuntun sí i." Wọ́n ná an, ó sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ. Nínú owó yẹn, kọ́bọ̀ kan kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe fíìmù. Àwọn méjèèjì kò sì rò pé olè ni àwọn jà.

Baba Sàlá ló sọ sí mi lọ́kàn. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Iléṣà tí wọ́n bí ní 1936, ti kọ́kọ́ jẹ́ olórin; ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Sunny Adé ti ta gìtá nígbà èwe rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀, tó sì sọ ara rẹ̀ di arúgbó ahun tí gbogbo ilé mọ̀: awò fẹ̀ǹfẹ̀ lójú, táì gbàǹgbà lọ́rùn. Ọlọ́gbọ́n tó ń ṣe òmùgọ̀ kí inú wa lè dùn ni.

Ní 1982, ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun sì ni olùdarí rẹ̀. Owó tó yá wà nínú rẹ̀. Láyé ìgbà náà, àwọn bí Ògúndé máa ń fúnra wọn gbé fíìmù wọn láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, nítorí ẹ̀dà tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni ti di ti gbogbo ayé. Ti Baba Sàlá bọ́. Àwọn olè dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á. Ta ni yóò tún sanwó gbọ̀ngàn nítorí ohun tó ti wò ní pálọ̀? Gbèsè dé bá ọ̀gá aláwàdà. Ó ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà kò jinná bọ̀rọ̀. Oṣù kẹwàá 2018 ló papò dà, lẹ́ni ọdún 82.

Ọwọ́ tèmi náà kò mọ́. Ní kékeré, a máa ń rọ́ sí pálọ̀ aládùúgbò wa kan láti wo Baba Sàlá. Bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ fíìmù sára kásẹ́ẹ̀tì. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, a kò mọ̀ pé oúnjẹ ẹni tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ni à ń jẹ. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Èmùré, àwa la gba epo sílẹ̀.

Ẹnì kan yóò ní tálákà ni wá. Ṣé tálákà kì í sanwó ọtí? Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá ló ń gbé e sórí YouTube, dátà nìkan ni òǹwòran yóò rà. Ẹlòmíràn yóò ní ìjọba ni kó mú wọn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti wà tipẹ́, wọ́n sì ti ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá wo ni yóò mú olè tí gbogbo àdúgbò jẹ́ oníbàárà rẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣèré da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1960, Ronald Reagan ló ṣáájú wọn. Wọ́n gba ẹ̀tọ́ pé bí wọ́n bá ń fi fíìmù hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, owó yóò máa wọlé fún òṣèré. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà òṣèré yóò dùbúlẹ̀ àìsàn, wọn yóò gbé nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ síta, a ó kọ "Olúwa á wò yín sàn" sábẹ́ rẹ̀, a ó fi ẹgbẹ̀rún kan náírà ránṣẹ́, a ó sì máa pe ara wa ní aláàánú. Irọ́ ni. Gbèsè là ń san, a kò sì san án pé.

Kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ àti olórí ọjà wa pe àwọn tó ń ṣe òwò yìí jókòó. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ò ń kà mí, ọwọ́ rẹ ló kù sí. Bí kò bá sí ẹni tí yóò gba epo sílẹ̀, olè yóò sọ̀ kalẹ̀ lórí àjà lọ́wọ́ òfo.