Ọjọ́ Mẹ́wàá Àkọ́kọ́ Lórí Windows Tuntun

Láti ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, tí àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 ti dópin, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti gbé kọ̀ǹpútà wọn bọ́ sórí Windows 11. Ìbéèrè tí àwọn ará ilé máa ń bi mí ni pé: "Ṣé àwọn áàpù mi yóò ṣì wà níbẹ̀?" Bí ẹ bá yàn án pé kí ó pa fáìlì àti áàpù mọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn yóò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí nǹkan wà nílé yàtọ̀ sí kí ó máa ṣiṣẹ́.

Windows kì í da ti àtijọ́ nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa ń tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ 10 sínú fódà kan tí à ń pè ní Windows.old. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, bí iṣẹ́ pàtàkì kan bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ lè ṣí Settings, kí ẹ wọ System, kí ẹ wọ Recovery, kí ẹ sì tẹ Go back. Bí ọjọ́ bá ti pé, ọ̀nà náà dí. Ìgbà ara là á búra. Ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Nítorí náà, ẹ má ṣe pa fódà náà rẹ́ nítorí àtirí àyè.

Nílé tiwa, ohun tí ń mú oúnjẹ wọlé ni a kọ́kọ́ dán wò. Èmi tí mo ń fi ìwé kíkọ jẹun, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ni mo ṣí. Mo tẹ "ọkọ", "ọkọ́" àti "ọkọ̀" wò, nítorí bí àmì bá ti sá lórí ọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ṣí èsì ìdánwò sáà tí ó kọjá, ó sì tẹ ojú ewé kan jáde. Ọjọ́ tí òbí bá dúró sẹ́nu ọ̀nà kọ́ ni ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò gbọ́ràn sí Windows tuntun lẹ́nu.

Bí áàpù kan bá kọ̀, ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ lọ sí ojú òpó àwọn tí ó ṣe é, kí ẹ wò bóyá ẹ̀dà tuntun wà. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ẹ fi owó rà, ẹ wá kóòdù rẹ̀ àti ímeèlì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀. Láìsí wọn, ẹ lè sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá padà sẹ́yìn, áàpù tí ẹ gbé wọlé lẹ́yìn ìyípadà náà yóò lọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fọ́tò àwọn ọmọ àti ìwé owó ọjà yín sí ibòmíràn. Windows 10 kì í sì í ṣe ibùgbé mọ́. Ibi tí a ti ń wá ojútùú ni.

Ẹ fa ìlà sí ọjọ́ kẹwàá lára kàlẹ́ńdà ilé. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.