Fífara-dà-á Kì Í Ṣe Kí Ọmọ Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ kọ́ la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó tì wá nínú ìsọ̀ ni.

Ọmọ lọ sí yunifásítì, ó ṣe àgùnbánirọ̀ lọ́dún kan gbáko, ó padà wálé, kò ríṣẹ́, ó wá ń bá ìyá rẹ̀ wọn gàrí. Oníbàárà á dé, á ní, "Ṣé gàrí náà lo kàwé sí?" Àwa náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín! Èyí tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ńkọ́? A ó bú u láàárọ̀, a ó bú u lálẹ́, a ó ní ìyà tí àwa náà jẹ nìyẹn. Òótọ́ ni, a jìyà. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, ẹni tó bá gba fúrídọ̀mù, owó díẹ̀ ló fi ń gba ìsọ̀. Lónìí, mélòó nínú wọn ló lè dá gbà á?

Tí ọmọ bá wá yí padà, tí kò jẹun, tí kò sùn, a ó ní, "Fara dà á jàre, ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́." Kí ẹnìkan dárúkọ dókítà, ariwo á ta: "Ṣé ọmọ tèmi lẹ fẹ́ gbé lọ sí Aro?" Ó dùn wá bí a ṣe sọ Aro di èébú. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 1954, l'Abẹ́òkúta, inú abúlé tó wà nítòsí ni àwọn aláìsàn ń gbé, ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Ẹ ò rí i pé wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni dá nìkan fara dà á.

Ẹ pe ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ọjà bá tú. Ẹ bi í, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sọ tán. Bó bá ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ mú un lọ sí jẹ́nẹ́rà. Èyí tó bá ní ayé sú òun, ẹ má sọ pé eré ló ń ṣe. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ó ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oògùn apakòkòrò. Láti ọdún 2019 ni NAFDAC ti ní ká má ta ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà mọ́, torí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá a lọ. A ṣì ń rí i lórí àtẹ àwọn kan. Èélòó ni èrè rẹ̀ gan-an? Ẹ kó o kúrò kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé, nítorí a ó yí ọjà ká wò ó.