Ogún Ìbí àti Ìre Bàbá

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kọ́kọ́ ka Jẹ́nẹ́sísì 25:29-34 àti orí 27.

Ohun méjì ni Ésáù pàdánù. Ogún ìbí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tà á nítorí ìpẹ̀tẹ̀ lẹ́ńtìlì. Ìre bàbá rẹ̀, ẹ̀tàn ni wọ́n fi gbà á. Ìwàásù pọ̀ lórí ìwọra Ésáù. Ẹ jẹ́ kí a wo Ísáákì lónìí.

Ísáákì dúró títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Nígbà tí yóò súre, ọmọ kan ṣoṣo ló pè, ní ìkọ̀kọ̀. Rèbékà gbọ́, ó sì dá ọgbọ́n tirẹ̀. Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Ésáù ń sunkún, Jákọ́bù sì sá lọ sí Háránì.

Ó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa náà. Súbérù Dáwódù kú ní Èkó láìkọ wíìlì. Ó fi ọmọ 9 sílẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ìyàwó 4. Ṣé ìdí-igi ni kí a fi pín ogún náà, lọ́nà 4, àbí orí-ò-jorí, lọ́nà 9? Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962. Ọ̀rọ̀ tí bàbá ì bá parí nínú yàrá rẹ̀ kọjá òkun!

Jákọ́bù náà ti fi ojúsàájú Jósẹ́fù dá ìjà sílẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní Jẹ́nẹ́sísì 49, gbogbo ọmọkùnrin 12 ló pè sí ẹ̀bá ibùsùn. Ó sọ ti kálukú lójú gbogbo wọn. Ó sọ ẹ̀ṣẹ̀ Rúbẹ́nì àkọ́bí fún un lójúkojú. Diutarónómì 21:15-17 sì kọ̀ fún bàbá láti gba ipò àkọ́bí lọ́wọ́ ọmọ ìyàwó tí kò fẹ́ràn.

Ẹ̀yin bàbá, bóyá oko kòkó lẹ ní ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bóyá ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà ní Àgọ́-Ìwòyè, bóyá ọkọ̀ àti àwọ̀n ní Ogun Waterside, ẹ má dúró di ìgbà tí ojú bá ṣú. Ẹ pe gbogbo ọmọ, ẹ súre fún wọn. Ẹ kọ wíìlì níwájú ẹlẹ́rìí 2 tí kò ní ìpín nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin àkọ́bí, dáódù ilẹ̀ wa kì í gba ìpín méjì bíi ti Ísírẹ́lì. Ìtọ́jú ilé bàbá ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láti fi ra mọ́tò, ìpẹ̀tẹ̀ Ésáù ló jẹ.

Kí Olúwa má jẹ́ kí ọjọ́ ìsìnkú wa di ọjọ́ ìjà àwọn ọmọ wa. Àmín.