Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Wọ̀n Ọ́n Ká Tó Bẹ̀rù

Lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè tó kọjá, arábìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí wá bá wa pẹ̀lú omijé. Wọ́n ń gbé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró lẹ́yìnkùlé rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ti sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni yóò fi pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní: "Dádì, ẹ gbàdúrà kí òpó yẹn wó."

A ò gba àdúrà yẹn o. Tó bá wó, orí ilé ta ni yóò wó lé?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ní 2020, nígbà Kòrónà, àwa náà gbé ọ̀rọ̀ 5G gun orí pẹpẹ láìwádìí. Oṣù kejì ọdún yẹn ni àrùn náà wọ Nàìjíríà. 2022 ni MTN tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta 5G fáwa aráàlú. Ohun tí ò tíì dé, báwo ló ṣe máa pa èèyàn? Ẹ foríjì wá.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ lónìí pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ wà tó ń wọn agbára ìgbì rédíò. Àjọ ICNIRP ní Jámánì ti fi òdiwọ̀n lélẹ̀: fún ìgbì 900 MHz, kò gbọdọ̀ ju wáàtì 4.5 lọ lórí ààyè tó jẹ́ mítà kan níbùú lóòró. Ìgbì yìí dà bí iná tọ́ọ̀ṣì, iwájú ló ń tàn sí. Tẹ́ ẹ bá sì jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà, kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní yàrá òkè tó dojú kọ áńtẹ́nà, kó má jẹ́ ìdí òpó nìkan.

A ò sọ pé kò séwu rárá o. Ní 2011, àjọ tó ń wádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìgbì yìí fà á, àmọ́ ẹ̀rí ò tíì tó. Fóònù tá a ń lẹ̀ mọ́ etí gan-an sábà máa ń fún ara ní ìgbì ju òpó lọ.

Ohun tó yẹ ká jà fún wà. NCC ní kí òpó fi mítà 5, ó kéré tán, jìnnà sí ilé. NESREA ní 10. Ẹ mú téèpù. Èéfín àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ìdí òpó ńkọ́? Ìyẹn ò nílò ẹ̀rọ, imú àti etí ti tó. Kí àwọn onílé àdúgbò jọ kọ̀wé, kí wọ́n bèèrè èsì ìwọ̀n. Nọ́ńbà NCC ni 622.

Àwọn ará Bèríà gbọ́ ìwàásù lẹ́nu Pọ́ọ̀lù, síbẹ̀ wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ta wá ni àwa, tẹ́ ẹ ò ní yẹ tiwa wò?

Lọ́jọ́ Sátidé, àwa àti àwọn ọkùnrin ìjọ ń lọ sílé arábìnrin náà pẹ̀lú téèpù. A ó gbàdúrà níbẹ̀ pẹ̀lú. Olúwa á ṣọ́ ilé wa o. Ẹ ṣe àmín.