Bíbélì Ṣí Sílẹ̀, Ọmọdé Wà Nínú Túbú

Níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi wá léèrè pé, "Pásítọ̀, àwọn òyìnbó tó kó ẹrú ní Amẹ́ríkà, ṣé wọn kì í ka Bíbélì ni?" Èsì tí a fún un lọ́jọ́ náà kò tó, ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ojú ewé wa yìí.

Wọ́n ń kà á, ará. Àwọn Puritan tó tẹ̀dó sí Massachusetts, nítorí ìsìn ni púpọ̀ nínú wọn ṣe kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lórí èdìdì ìjọba wọn ti ọdún 1629, wọ́n ya ọmọ onílẹ̀ kan tó ń ké pé kí wọ́n rékọjá wá ran òun lọ́wọ́, bí ará Makedóníà inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:9. Ní 1637 wọ́n bá ẹ̀yà Pequot jagun, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n mú lọ tà ní erékùṣù Caribbean. Nígbà tí ọkọ̀ náà padà dé ní 1638, òwú, tábà àti ènìyàn dúdú ni ó kó bọ̀. Òfin wọn ti 1641 ní kò gbọdọ̀ sí ẹrú láàrin wọn, àfi ẹni tí a mú nínú ogun òdodo, tàbí àjèjì tó ta ara rẹ̀ tàbí tí a tà fún wọn. Ẹ wo bí "àfi" yẹn ti fẹ̀ tó! Ní Virginia, òfin 1667 sọ pé ìrìbọmi kò sọ ẹrú di òmìnira.

Síbẹ̀, ojúlówó ìránṣẹ́ Ọlọ́run wà níbẹ̀. Pásítọ̀ John Eliot kọ́ èdè àwọn Massachusett, ó túmọ̀ odindi Bíbélì sí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1663. (Tiwa ní èdè Yorùbá kò pé títí di 1884.) Àwọn ọmọ onílẹ̀ tó gbàgbọ́ ń gbé ní ìlú bíi Natick. Nígbà tí ogun Metacom, ẹni tí àwọn òyìnbó ń pè ní Philip, bẹ́ sílẹ̀ ní 1675, ìjọba kó àwọn onígbàgbọ́ wọ̀nyí lọ sí Deer Island, níbi tí ebi àti òtútù ti pa púpọ̀ nínú wọn. Eliot kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n má ta àwọn ìgbèkùn, pé bí a bá tà wọ́n jìnnà sí ìhìnrere, ọkàn wọn ni a ń pa run. Wọn kò gbọ́.

Ibi tó dùn wá jù nìyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1676 wọ́n pa Metacom. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti wà ní túbú. Àwọn aláṣẹ Plymouth bi àwọn pásítọ̀ pé, kí ni kí a ṣe sí ọmọ yìí? John Cotton àti Samuel Arnold tọ́ka sí ilé Sọ́ọ̀lù, ti Ákánì àti ti Hámánì, wọ́n ní a lè pa á. Increase Mather rántí Hádádì, 1 Ọba 11, ọmọdé tó sá là tó sì padà di ọ̀tá Ísírẹ́lì. James Keith ti Bridgewater nìkan ló kọ̀wé pé Sáàmù 137 le lóòótọ́, ṣùgbọ́n Deut. 24:16 àti ìwà Amasáyà nínú 2 Kíróníkà 25:4 ló wúwo lọ́kàn òun. Àwọn àgbà wa náà ní ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé.

Bíbélì kan náà ni gbogbo wọn ṣí. Wọ́n mọ̀ ọ́n kà ju àwa lọ. Àwa oníwàásù ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, ẹ jọ̀wọ́, kí ọmọ ìjọ má rò pé òun ni.

Wọn kò pa ọmọ náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1677, Cotton kọ lẹ́tà kan, ó sì fi gbólóhùn kékeré kan sọ nínú rẹ̀ pé wọ́n ti ń mú ọmọ Philip lọ tà.