Ọgbọ́n Ọwọ́ Kì í Ṣe Odi Òkun

Nínú fíìmù tí òkú ti ń jí dìde láti pa alààyè jẹ, owó báńkì àti oyè kì í gba ẹnikẹ́ni là. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló máa ń yè é. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi gbà pé bí ayé bá dojú rú, oníṣẹ́ ọwọ́ ni yóò di ọ̀gá olówó. Ní etí òkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, níbi tí omi ti ń jẹ ìlú lọ láti ọdún gbọọrọ, ọ̀rọ̀ yìí jóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀.

Nígbà tí ìjọ àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú Ayétòrò dó ní etí òkun yìí ní 1947, orí ẹrẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò gba owó oṣù, ohun tí ọwọ́ kálukú mọ̀ ni wọ́n fi pín iṣẹ́: apẹja, káfíńtà, aránṣọ, aránbàtà, akànkọ̀. Àpò kan ṣoṣo ni owó ń wọ̀, òun náà ló sì ń bọ́ gbogbo ìlú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní iná mànàmáná, tí wọ́n sì ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn.

Ọgbọ́n yẹn kò tíì parẹ́. Bí omi bá ti dé ẹsẹ̀ ilé, onílé á yọ páànù, á tú pákó ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kó wọn sínú ọkọ̀, á wá ri òpó tuntun mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ ju kí ó san owó fún bíríkìlà lọ kò lè ṣe èyí.

Àmọ́ ta ló ń tú ilé rẹ̀ kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta? Ẹni tí kò ríbi lọ ni. Ẹni tó lówó ti kọ́lé sí Igbókòdá tàbí Àkúrẹ́. Bí òkun bá gba ilé rẹ̀ ní Ayétòrò, ó ní òmíràn tí yóò wọ̀. Akànkọ̀ ní tirẹ̀ kò ní oníbàárà ní Àkúrẹ́. Omi tó ń lé e náà ni ọjà rẹ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ lè mú un la òru kan já, ṣùgbọ́n owó ni yóò sọ ibi tí yóò sùn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọgbọ́n náà kì í sì í dá dúró. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ epo gbẹ́ ojú omi ní agbègbè Awóyè, ní Ìlàjẹ kan náà, omi iyọ̀ láti inú òkun ya wọ irà tí kò níyọ̀ tẹ́lẹ̀. Igi kú, ẹja inú irà sì ṣòfò. Apẹja tó mọ ìrìn ẹja wọ̀nyẹn bí ẹni mowó kò pàdánù ìmọ̀ rẹ̀. Ohun tí ìmọ̀ náà wà fún ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, láìbi í léèrè.

Nítorí náà, ìyìn tí àwọn aláṣẹ máa ń fún ará Ìlàjẹ pé wọ́n láyà, pé omi kò lè borí wọn, ń fẹ́ àyẹ̀wò. Àjọ NDDC, tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà omi Ayétòrò jáde ní 2004, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parí. Ilé ìjọsìn àti ilé ìwòsàn ti bómi lọ. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, òṣùṣù ọwọ̀ àwọn káfíńtà kò sì lè rọ́pò òkúta ńlá, ẹ̀rọ àti owó ìjọba. Ká máa fi ìfaradà mẹ̀kúnnù ṣe àwáwí ni ká sọ ọ́ di ẹrú ọgbọ́n ara rẹ̀.

Bí iṣẹ́ tuntun bá tún jáde, ó yẹ kí apẹja àti akànkọ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, kí a má sì san owó tó kù fún agbaṣẹ́ṣe kankan títí wọn yóò fi buwọ́ lù ú.